Òtútù oṣù kẹrin, òjò oṣù karùn-ún, àti ìtẹ́ blue tit méjì ní Kent

Ẹni tó bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 á rántí ìgbà ìrúwé ọdún yẹn dáadáa. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ooru mú débi pé wọ́n ka 24.5°C ní Kew Gardens ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé ní 50 ọdún tí oṣù kẹta ti mú irú ooru bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, àwọn èèyàn ti ń kó kóòtù pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé lẹ́yìn ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ wá tààrà láti Arctic. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin tí ìjọba ní kí àwọn ilé ọtí England bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún èèyàn níta lẹ́yìn lockdown, ìrì dídì ló ń bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohun tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé oòrùn ò wọ́n rárá, àwọn Met Office, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, sọ pé òun ni oṣù kẹrin tí oòrùn ràn jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere lóru, ìkùukùu ò sí tó máa dá ooru ọ̀sán dúró, gbogbo ẹ̀ á fò lọ, ilẹ̀ á mọ́, koríko á ti funfun. Tí a bá fi òtútù òru ṣírò ẹ̀, láti 1922 ni oṣù kẹrin ò ti tutù tó báyẹn. Oṣù karùn-ún wá dé, òjò ló gbé wá, ní Wales òun ni oṣù karùn-ún tí òjò rọ̀ jù látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àpótí ìtẹ́ méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ kan ní Kent, irú ilẹ̀ tí káńsù máa ń pín wẹ́wẹ́ fún aráàlú láti gbin nǹkan. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo ń pè ní Bọ̀dá ló ń dáko sí apá kan níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àgbàdo, elégédé, èmi ni mo sì máa ń bá wọn ṣọ́ àwọn àpótí ẹyẹ yẹn, mo máa ń kọ ohun tí mo bá rí, mo ń fi ránṣẹ́ sí British Trust for Ornithology, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BTO, tí wọ́n ti ń gba irú àkọsílẹ̀ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1939. Àpótí kan wà lára igi oak ńlá kan létí ọgbà, èkejì wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì Bọ̀dá. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì ní kámẹ́rà kékeré nínú, wáyà ẹ̀ wọnú ṣẹ́ẹ̀dì, èèyàn lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tíì lọ́wọ́ kó máa wo gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Ihò ẹnu àpótí méjèèjì ò ju mílímítà 25 lọ, blue tit á gba ibẹ̀ wọlé, great tit, ẹbí ẹ̀ tó sanra jù ú lọ, ò lè kọjá.

Fún ẹni tí ò mọ blue tit, ẹyẹ kékeré ni, ó dé fìlà búlúù, àyà ẹ̀ yẹ́lò, ìlà dúdú kan sì gba ojú ẹ̀ kọjá. Gbogbo ara ẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ, ẹyọ owó pọ́n-ùn 2 tí wọ́n ń ná níbí tẹ̀wọ̀n jù ú lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ ti wá. Ẹyin kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù kan, ó sì lé díẹ̀, ẹyẹ yìí sì lè yé 8, 9, 10, ẹyọ kan láràárọ̀, títí gbogbo ẹyin yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n tó ìyá tó yé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì máa ń bí lọ́dún. Tó bá bàjẹ́ lọ́dún yìí, ó di àmọ́dún, ìyẹn tó bá ṣì wà láàyè, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kìí lò ju ọdún bíi mélòó kan láyé.

Nígbà ooru ìparí oṣù kẹta yẹn, abo tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó mọ́ọ̀sì, ewéko kékeré tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, wọlé, ó ń gbé e lẹ́nu, ó ń fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń yí po láàárín ẹ̀ kí ibẹ̀ lè jìn wọnú. Bọ̀dá ń dùn, wọ́n ti fi fídíò ẹ̀ sórí WhatsApp àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí òtútù dé, gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró. Mọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kò kún dé ìdajì, ẹyẹ ò sí. Ó máa ń wá sùn lóru o, kámẹ́rà ń fi hàn, á kò ara ẹ̀ jọ róbótó sí igun kan, orí ẹ̀ á wọnú ìyẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ, kò sì ní kó nǹkankan padà wá.

"Àbúrò, ó jọ pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ o," Bọ̀dá sọ fún mi. "Ṣé ká kó mọ́ọ̀sì yẹn dànù ká tún un ṣe, bóyá òmíì á wọlé?"

Mo ní rárá, Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹyẹ tó ṣì ń sùn síbẹ̀ ò kọ ilé sílẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹyẹ tó kéré tó yẹn ní láti jẹun tó tó fi la òru kan ṣoṣo já, òru ìrì dídì máa ń jẹ ọ̀rá ara ẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ ara ẹ̀ á ti fúyẹ́, kó tó lè sọ̀rọ̀ ẹyin ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbèsè òru yẹn. Ẹyin yíyé nílò oúnjẹ lórí oúnjẹ. Ohun míì tó tún wà ńbẹ̀ ni pé oúnjẹ tó máa fi tọ́ ọmọ ò tíì sí. Kòkòrò ajewé tí blue tit fi ń bọ́ ọmọ, pàápàá ti àfòpiná tí wọ́n ń pè ní winter moth, ìgbà tí ewé oak bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ló máa ń jáde, tí òtútù bá mú, ewé á pẹ́, kòkòrò náà á pẹ́, tó bá sì jáde tán kò ní tètè dàgbà. Nítorí náà ẹyẹ tó dúró ò ya ọ̀lẹ. Àwọn tó ń ṣọ́ great tit nínú igbó Wytham lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oxford láti 1947 ti rí i pé bí ìgbà ìrúwé bá ṣe gbóná tàbí tutù sí ni ọjọ́ ẹyin ṣe ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ọdún kan sí òmíì.

Àpótí igi oak ló kọ́kọ́ rí ẹyin, nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, àárín ìrì dídì gan-an. Ibí yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà wà. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa tí ẹyẹ náà sì ti jáde lọ wá oúnjẹ, mo ṣí ọmọrí àpótí, irun ajá àti ìyẹ́ kékeré ló kún ibẹ̀, mo rọra fi ìka gbé irun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyin 4 wà lábẹ́ ẹ̀, funfun, àmì pupa tó-tò-tó lára wọn, wọ́n sì tutù rinrin. Bọ̀dá tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Áà, wọ́n ti kú." Wọn ò kú. Blue tit kìí sàba lé ẹyin títí á fi yé e tán tàbí tó bá kù díẹ̀, kó tó dìgbà yẹn á fi irun bo ẹyin mọ́lẹ̀, ẹyin tí wọn ò tíì sàba lé ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ, òtútù sì lè wà lára ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó má ṣe é ní nǹkankan. Mo dá irun náà padà, a pa ọmọrí dé, a kúrò níbẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti rí i tí èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ẹyin tutù, wọ́n ti fi sílẹ̀", tí wọ́n sì kó ẹyin tó ń bọ̀ wá dọmọ dànù, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí òfin ò tiẹ̀ gbà kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́.

Ìyá orí igi oak yé 9, kò fo ọjọ́ kankan. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì ò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, ó yé 5, ó fo ọjọ́ 2, ó tún yé 3. Fífo ọjọ́ yẹn, òtútù ló fà á, ó bọ́ sí àárọ̀ méjì tí ìrì dídì bo gbogbo pátákó ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ̀fọ́ Bọ̀dá tí wọ́n sáré gbìn nígbà ooru oṣù kẹta sì ti rọ pátápátá. Ẹyẹ ò lè fi ẹyin pamọ́ sínú kó máa retí ọjọ́ tó dáa, tí oúnjẹ ò bá tó, kò ní yé e lọ́jọ́ yẹn, ó parí. Gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ pé láàárín àpótí méjì tí ọgbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ọjọ́ tí ọmọ máa jáde fi nǹkan bí ọjọ́ 9 yàtọ̀ síra. Lójú ẹ̀, kò jọ nǹkan tó tóbi.

Ìyá nìkan ló ń sàba, bàbá á máa gbé oúnjẹ wá bá a, ọ̀sẹ̀ 2 ló máa ń gbà. Kò sí ìtàn gidi ńbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá. Ọmọ orí igi oak jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, 8 nínú 9. Ti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì jáde lọ́jọ́ 19, 7 nínú 8, Bọ̀dá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ kùtùkùtù pé, "Àbúrò, a ti bímọ o!" Títí dìgbà yẹn, ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ nìkan á ní ìtẹ́ méjèèjì ti la òtútù já láìfarapa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́. Oṣù kẹrin tí òru ẹ̀ tutù jù láti 1922 ò pa ẹyin ju ẹyọ kan kan lọ nínú ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹyin kan tí ò bẹ́ sì wọ́pọ̀ lọ́dún tó dáa pàápàá.

Ọjọ́ 20 àti 21 oṣù karùn-ún ni ìjì wá gba gbogbo gúúsù England, afẹ́fẹ́ tó ń fa ẹ̀ka ya pẹ̀lú òjò. Ìwọ̀n òtútù ọjọ́ yẹn ò tiẹ̀ sún mọ́ ìrì dídì, lọ́sàn-án ó tó 12, 13 dígíríì, ẹni tó bá wà nílùú ò ní pè é ní òtútù rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kámẹ́rà fi hàn.

Ọmọ blue tit tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìhòòhò ni, ojú ẹ̀ pa dé, kò lè ṣe ooru fúnra ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí ni ara ẹ̀ máa rí, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lè mú ara ẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀. Ìyá gbọ́dọ̀ jókòó lé wọn. Tó bá jókòó lé wọn, bàbá nìkan ló ń wá oúnjẹ, bàbá yẹn sì ń bọ̀ lẹ́yìn àkókò gígùn, ìyẹ́ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara, kòkòrò tín-ín-rín kan ṣoṣo lẹ́nu ẹ̀, nígbà míì kò sí nǹkankan. Òjò líle máa ń gbá kòkòrò ajewé kúrò lórí ewé, èyí tó kù á sì fi ara pamọ́ sí abẹ́ ewé. Nǹkan bí agogo 10 àárọ̀ ọjọ́ 20, ìyá fi wọ́n sílẹ̀, òun náà jáde lọ wá nǹkan. Àwọn ọmọ nà lọ́rùn díẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó padà dé pẹ̀lú aláǹtakùn kékeré kan lẹ́nu, ó dún bó ṣe máa ń dún, kò sí ọmọ kankan tó la ẹnu. Ó fi oúnjẹ kan ẹ̀kẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí i padà, ó tún gbìyànjú, wọn ò la ẹnu. Òun fúnra ẹ̀ ló jẹ aláǹtakùn náà nígbẹ̀yìn, ó sì jókòó lé wọn.

Mo ní kí Bọ̀dá dá fídíò yẹn padà ká tún un wò, torí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ ni orírun ẹ̀ wà. Ọmọ tí ara ẹ̀ ti tutù ò lè tọrọ oúnjẹ. Òbí sì kìí fi oúnjẹ sí ẹnu tí ò là. Tí ìyá bá jókòó, ebi, tó bá dìde, òtútù, òtútù á sì tún di ebi. Kò sí èyí tó máa mú tó máa dáa. Lọ́dún tó lọ bó ṣe yẹ, kò ní sí irú ìṣòro yìí, torí oúnjẹ á pọ̀ débi pé ìrìn àjò kúkúrú kúkúrú ti tó, wọ́n ń sọ pé òbí lè kó nǹkan bí 100 kòkòrò wá fún ọmọ kan lóòjọ́, ẹ wá fi 7 ìlọ́po ẹ̀.

Bọ̀dá ò lè wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n dábàá ni pé ká ki òwú sínú àpótí, ká fi rọ́bà omi gbígbóná sí abẹ́ ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé láti ṣe ìyẹn a ní láti ṣí i nínú òjò, ìyá á fò jáde, ìṣẹ́jú tó bá lò níta yẹn gan-an ló lè pa wọ́n, òwú sì lè so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n tún ní ká kó ọmọ wọlé ká fi ọwọ́ bọ́ wọn. Ọmọ blue tit ọjọ́ kan, oúnjẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ èèyàn tí ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ò lè ṣe é, òfin náà ò sì fẹ́ ẹ nígbà tí òbí wọn méjèèjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ohun tí a wá ṣe ni oúnjẹ. A ra mealworm, ìdin kan tí wọ́n ń tà láàyè nínú ike, a kó o sínú abọ́ kékeré lábẹ́ ìbòrí kí òjò má rì í, a gbé e jìnnà sí àpótí díẹ̀ kí ẹyẹ ńlá má baà tọ ibẹ̀ dé ẹnu ihò. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní robin ló kọ́kọ́ jẹ é, magpie, ẹyẹ ńlá kan, tẹ̀lé e, wọ́n gbá gbogbo ẹ̀ tán. A wá fi wáyà oníhò yí abọ́ náà ká, èyí tí ẹyẹ kékeré lè gbà wọlé tí magpie ò lè gbà. Bàbá blue tit ò yà síbẹ̀ títí ọjọ́ 21 fi ń lọ sópin, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá déédéé. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò ní sọ pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ dé, kìí sì í ṣe oúnjẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Awọ mealworm le fún ọmọ ọjọ́ 2, kálísíọ̀mù inú ẹ̀ sì kéré. Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, aláǹtakùn ni òbí máa ń wá kiri fún jù, torí ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní taurine nínú tó ń ran ọpọlọ wọn lọ́wọ́, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aláǹtakùn. Àǹfààní tí mo rò pé ó wà nínú abọ́ yẹn ni pé àwọn òbí fúnra wọn ń jẹ ńbẹ̀, èyí tí wọ́n bá rí nínú igi wọ́n lè gbé e lọ fún ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ 22, ìyá gbé òkú ọmọ kan lẹ́nu, ó fò jáde pẹ̀lú ẹ̀. A rí i lábẹ́ fẹ́ǹsì, ikùn ẹ̀ ti wọlé pátápátá. Nígbà tí ọjọ́ 26 fi máa kọjá, 2 ló kù nínú 7. Àwọn tó kù yìí kọ́ ló tóbi jù nígbà tí wọ́n jáde, mo padà lọ wo fídíò, àwọn ni wọ́n wà láàárín, tí ara àwọn yòókù ń bò. Bí iye wọn ṣe dín kù, oúnjẹ tí ò tó ẹnu 7 wá tó ẹnu 2. Lópin oṣù karùn-ún, ní ìsinmi Mọ́ńdè tó kẹ́yìn ẹ̀, oòrùn dé, ooru dé, ó gba 25°C láwọn ibì kan, kòkòrò kún gbogbo ewé. Ọmọ 2 yẹn sanra débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gba ihò jáde. Wọ́n fò lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹfà.

Igi oak ńkọ́? 6 fò jáde. Nígbà tí ìjì yẹn dé, ọmọ ibẹ̀ ti lé ní ọjọ́ 10, ìyẹ́ ti ń là lára wọn, ara wọn ti ń gbóná fúnra ẹ̀, ìyá ò nílò láti jókòó lé wọn lọ́sàn-án mọ́, òbí méjèèjì ló ń wá oúnjẹ. Ebi pa wọ́n o, 2 kú, ṣùgbọ́n ìjì kan náà, òjò kan náà. Ẹyẹ tó yé ẹyin sínú ìrì dídì, tí gbogbo wa rò pé ó kánjú, òun ló jèrè. Èyí tó dúró de ojú ọjọ́ tó dáa, ọmọ ẹ̀ wá jáde sọ́wọ́ ìjì.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi àpótí 2 ṣe òfin. Ìyá orí igi oak lè jẹ́ àgbà, abo tó ti bímọ rí máa ń tètè yé ẹyin, ó sì máa ń mọ ọmọ tọ́ ju ẹni tó ń ṣe é fúngbà àkọ́kọ́ lọ, àwọn méjèèjì ò sì ní òrùka lẹ́sẹ̀ tí a lè fi mọ ọjọ́ orí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbé lórí oúnjẹ fúnra ẹ̀, igi oak nílé ẹ̀, nígbà tí ti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì ní láti kọjá ọgbà kó tó dé ìdí igi. Tí ọdún bá dáa, ìrìn yẹn ò já mọ́ nǹkankan. Tí òjò bá ń rọ̀, òun gan-an ló lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín 6 àti 2. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtẹ́ fi wúlò, àwọn BTO lè kó ti gbogbo wa pọ̀ kí wọ́n wá yọ irú nǹkan báyìí kúrò lára ara wọn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí fiyè sí, pé irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan àti bí òtútù ṣe ń bá a jà. Ní Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ti ṣọ́ tree swallow fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹbí alápàńdẹ̀dẹ̀ ni, kòkòrò tó ń fò lófuurufú nìkan ló gbọ́kàn lé fún ọmọ, wọ́n sì rí i níbẹ̀ pé tí ooru ọ̀sán ò bá dé 18.5°C, kòkòrò ò ní fò, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ti mú kí ẹyẹ yẹn máa tètè yé ẹyin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ òtútù òjijì ò kúrò nínú oṣù karùn-ún, nítorí náà níbẹ̀ ẹni tó tètè bí ló wà nínú ewu jù, òdì kejì ohun tí a rí ní Kent. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń gba Nàìjíríà kọjá lọ sí Yúróòpù náà, irú oúnjẹ yìí ló ń jẹ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ìwà blue tit ka tiẹ̀.

Fún iṣẹ́ ọwọ́ gan-an, ohun tí a yí padà látìgbà yẹn ò pọ̀. A ò kọ "òtútù" nìkan sínú ìwé mọ́, a ń kọ ọ́ pé ọmọ pé ọjọ́ mélòó nígbà tó dé, òjò rọ̀ fún wákàtí mélòó, ìyá wà nínú àbí ó wà níta, torí ẹni tó bá wo 2021 tó sì rí "oṣù kẹrin tó tutù jù, ọmọ 5 kú" nìkan á so méjèèjì pọ̀, á sì ṣì í. Nígbà òjò, a kìí ṣí àpótí, ohun yòówù ká fẹ́ mọ̀, bí kò bá sí kámẹ́rà a máa dúró lókèèrè fi awò wo iye ìgbà tí òbí wọlé, ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ń wọlé. Mealworm, tí a bá fẹ́ gbé e síta, ó gbọ́dọ̀ ti wà níta nínú wáyà kí ọmọ tó jáde, kí àwọn òbí ti mọ ibẹ̀, ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìjì dé ti pẹ́ jù. Ẹyin tí ò bẹ́ àti òkú ọmọ tó kù nínú ìtẹ́, a fi wọ́n síbẹ̀ di oṣù kẹsàn-án kí a tó fọ àpótí, a kà wọ́n, a kọ wọ́n sílẹ̀, a da omi gbígbóná sí i láti pa kòkòrò. Bọ̀dá sì ti gbé àpótí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, ó ti wà létí ọgbà báyìí, ní apá kejì tí igi oak míì wà, ẹnu ẹ̀ kọjú sí àárín àríwá àti ìlà oòrùn kí òjò tó ń gba ìwọ̀ oòrùn wá má baà máa rọ wọlé.